Màámi, Wọ́n Ní Kí N Jí Àjàdí Dìde

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo ti di ìyàwó ilé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọ̀rọ̀ yòókù tó gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Sọjí ni mo fẹ́, Sọjí ọmọ Ìkìrun tó máa ń jókòó sẹ́yìn yín nínú bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ tó ń gbé yín lọ sí Agbara, ẹni tí ẹ sọ ní Gbọ́rọ̀-má-fèsì nítorí pé bí ẹ bá ti ń ka ìtàn yín fún àwọn èrò ọkọ̀, yóò kàn tẹjú mọ́ ẹ̀yìn orí yín, kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní sọ̀rọ̀, títí ẹ ó fi pa ìwé dé. Òun náà ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo rí bàtà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, èmi nìkan, bí ẹni tó jí nǹkan tí wọn ò mú. Ó máa ń bá mi fọ aṣọ, Màámi. Ó máa ń sá a sórí okùn níta lójú gbogbo ayálégbé, tí wọ́n bá sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, yóò tún èyí tó wọ́ ṣe kó lè gbẹ dáadáa. Yàrá kan àti pálọ̀ la gbà ní Joju níbí, a ò jìnnà sí ilé yín àtijọ́. Òjò ń wọlé sí wa lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an ni.

Inú mi dùn. Ó sì rẹ̀ mí. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ayọ̀ àti àárẹ̀ lè jọ gbé inú ara kan kí wọ́n má bá ara wọn jà.

Kì í ṣe iṣẹ́ ilé ló rẹ̀ mí. Àjàdí ni.

Àjàdí yín. Àjàdí Aláàárù, ọkùnrin gìrìwò tí ẹ fi bírò dá, tó ń fi orí ru ìbànújẹ́ àwọn ará ìlú Ọ̀wàrà, ìlú tí òjò kì í rọ̀ níbẹ̀ àfi bí ẹnìkan bá sọ òótọ́ tó dun òun fúnra rẹ̀. Mo jẹ́ kó kú, Màámi. Nínú ìwé kejì ni. Láti ìgbà tí ìwé náà ti jáde, mi ò lè ra ata lójà Ṣàngó kí ẹnìkan má dá mi dúró, bí ẹni pé ọmọ wọn ni mo gbé jù sómi.

Ẹ̀yin náà lẹ fà á díẹ̀. Ẹ fi ìwé kìn-ín-ní parí síbi tí Àjàdí ti gbé ẹrù gbogbo ìlú karí, tó ṣí ilẹ̀kùn odò, tó sì bọ́ sínú rẹ̀, tí Fọláṣadé olólùfẹ́ rẹ̀ wá dúró sétí omi tó ń wo ibi tí omi ti pa dé. Ẹ ní kí àwọn èèyàn lọ máa retí. Wọ́n ń retí. Ẹ̀yin lẹ ò dúró.

Ẹ ò sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà fún mi. Ṣé ẹ̀yin alára mọ̀ ọ́n? Mo wá gbogbo ibi tí ẹ máa ń tọ́jú nǹkan sí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú àpótí, inú garawa tí ẹ fi ń kó aṣọ òtútù pamọ́. Ọṣẹ ni mo rí, ọṣẹ olóòórùn ọsàn láti iléeṣẹ́ yín, tó ti gbẹ tó sì sán. Gbogbo nǹkan yín ló ń rùn bí ọsàn. Ìwé tí ẹ fọwọ́ kọ náà ń rùn bí ọsàn títí di òní.

Sọjí ò gbọ́ pé ẹ ti lọ. Ó gba ìsinmi lọ sí Ìkìrun, ìgbà tó dé, ó wá kan ilẹ̀kùn wa láti wá bèèrè bóyá Àjàdí ti jáde nínú odò. Bó ṣe rí ojú mi, kò parí ìbéèrè náà. Ó jókòó sórí ìpèkun àtẹ̀gùn, ó sì sunkún kí n tó sunkún. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ má bínú o. Ta ni yóò wá sọ fún wa báyìí?" Mi ò ronú rárá. Mo ní, "Èmi ni." Ẹ ò rí i bí ẹnu ṣe ń ran èèyàn níṣẹ́?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Wọ́n ti pọ̀ sí i, Màámi. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ nígbà tí a kọ́kọ́ dé Ọ̀tà, ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ náà ń wọ́ báàgì onítáyà lórí ọ̀dà, wọ́n ń bi èèyàn léèrè ibi tí wọ́n ti lè rí omi tútù rà. Bí mo bá tẹ iṣẹ́ tiwọn tán, màá tẹ tèmi. Mò ń sọ ọ́ lẹ́nu bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí ojú ewé kan bá parí tó jáde nínú ẹ̀rọ, màá fẹ́ atẹ́gùn sí i, fúù, bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí èyí tí ẹ fọwọ́ kọ. Bírò kì í ṣe tàdáwà, kò sí ohun tí ẹ ń gbẹ níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mi ò bi yín rí. Mo rò pé ọjọ́ pọ̀.

Ìwé náà jáde lẹ́yìn ìgbéyàwó wa. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì ní àfi kí n wá ka orí tó gbẹ̀yìn fún wọn, bí ẹ ṣe máa ń kà á. Mo bá Sọjí wọkọ̀ láàárọ̀. Wọ́n fún mi ní àyè yín, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kì í tì dáadáa.

Kí n tó ka nǹkan kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀yin, bí Àjàdí àti Fọláṣadé bá ti wọ yàrá, ẹ ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú, ẹ ó ní fìtílà kú, ilẹ̀ mọ́. Ìwé àgbà ni, ṣùgbọ́n àgbà tó ń tijú lẹ jẹ́. Èmi, níbi tí Fọláṣadé ti ń rántí alẹ́ tí wọ́n jọ wà kẹ́yìn, mi ò ti ilẹ̀kùn náà tán. Mo fi sílẹ̀ díẹ̀. Mo kọ ibẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó o, Màámi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìyá Jọ́ọ̀nà, àwọn tí ẹ jọ ń lẹ bébà mọ́ ọṣẹ, tí wọ́n tún jẹ́ olórí àwọn tó ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ni wọ́n kọ́kọ́ pariwo.

"Ìyàwó tuntun, mo ka ibi tí ilẹ̀kùn ò tì yẹn o!"

"Ẹ ṣé mà."

"Ẹ̀kọ́ ilé ọkọ ń yé ọ."

Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ bi Sọjí kó sọ bóyá òótọ́ ni!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Sọjí kọjú sí fèrèsé, kò sì yí i padà títí a fi kọjá Atan. Etí rẹ̀ pọ́n bí ata. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà débi pé mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí n máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kà á. Mo ka ibi tí Àjàdí ti dé ìsàlẹ̀ odò, tó sọ ẹrù kalẹ̀, tó fọwọ́ pa àárín orí tí òṣùká ti jẹ, tó sì dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn. A ti dé Lusada, Bàbá Dírẹ́bà yà sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì.

"Ó sùn ni àbí ó kú?"

"Ó kú ni, sà."

"Ó kú bíi báwo?"

"Bí èèyàn ṣe ń kú, sà."

"Sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi."

Wọ́n ń ṣeré ni. Ṣùgbọ́n wọn ò tan ẹ́ńjìnnì kíákíá, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti ń mọ́ jù. Wọ́n pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá sì bá wọn wí. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ̀gá ni pé àwọn pàdánù ẹnìkan.

Láti ìgbà náà, fóònù mi ò sinmi. Àwọn òǹkàwé ní ẹgbẹ́ lórí fóònù, Ọmọ Ọ̀wàrà ni wọ́n ń pe ara wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti òwúrọ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Obìnrin kan ní òun sọ ìwé náà sí gọ́tà, òun tún bọ́ bàtà láti wọ inú gọ́tà lọ mú un, òun ti sá a sórí òrùlé. Òmíràn ní ọkọ òun ò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí òun lòun gbé ìwé wọlé. Ọmọ yunifásítì kan kọ̀wé tó gùn ju orí tó gbẹ̀yìn lọ, ó ṣàlàyé gbogbo ọ̀nà tí mo lè fi yọ Àjàdí, ó ní ẹja lè gbé e, ó ní ìbejì lè wà fún un. Ó fi "Àǹtí, mo bẹ yín" parí rẹ̀. Àwọn kan yìn mí o, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn kan ní àwọn sunkún, ara àwọn sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí etí ṣe rí, èyí tó dùn kì í pẹ́ nínú rẹ̀.

Èyí tó kù sí mi lára ni ti ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ irin. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kò bínú. Ó ní, "Ọwọ́ ìyá rẹ kọ́ lèyí. Ìyá rẹ mọ̀ pé ibi iṣẹ́ lèèyàn ti ń bọ̀. Ìyá rẹ ò jẹ́ fi òkú pàdé wa lọ́nà."

Ṣé òótọ́ ni, Màámi? Ṣé ẹ ò ní pa á?

Òǹtẹ̀wé náà ò gbẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó. Ó ní kí n tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé kẹta nígbà tí inú ṣì ń bí àwọn èèyàn, nítorí pé ẹni tínú ń bí máa ń rà. Ó wá na ìka sí mi. "Àmọ́ kó jí o. Bó bá jí, màá tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá jí, gbé e lọ fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìsìnkú." Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì jókòó sórí páálí bébà rẹ̀.

Sọjí nìkan ni kò yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bèèrè. Ó ń tú okùn bàtà nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, kò gbójú sókè. "Ìwọ lo nì í. Àmọ́, ṣé kò ní jí ni?" Ìbéèrè yẹn ló dùn mí jù, torí pé kò bèèrè mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Jọ́ọ̀nà ò lè mú un mọ́ra mọ́. Nígbà ìsìn àdúrà, wọ́n kọ ọ́ sínú bébà tí a máa ń kó fún Pásítọ̀ láti ka orúkọ àwọn aláìsàn. Pásítọ̀ wa tuntun ni, wọn ò tíì mọ ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lóṣooṣù pọ̀ ju ohun tí orí kan lè gbà lọ. Wọ́n ka bébà náà lórí pẹpẹ pé, "Bùrọ́dà Àjàdí. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ padà." Wọ́n gbójú sókè. "Níbo ni ẹbí Bùrọ́dà Àjàdí wà? Ẹ dìde kí n rí yín!"

Ìlàjì ìjókòó àwọn obìnrin dìde, Màámi. Ẹ̀rù ba Pásítọ̀.

"Gbogbo yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọsibítù wo ló wà?"

Ìyá Jọ́ọ̀nà ní, "Odò ló wà, sà."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ó rì?"

"Ó ru ẹrù wọ̀ ọ́ ni, sà."

Kí n tó ráyè la ẹnu mi, Pásítọ̀ ti fi gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé mì. A kò gbà! Ikú, tu ú sílẹ̀! Odò, pọ̀ ọ́! Sọjí wò mí, mo wo Sọjí, ẹ̀rín sì gbé wa débi pé a ní láti tẹ orí ba bí ẹni tó wọ inú ẹ̀mí. Mo rín in títí ó fi dá mi lójú pé ẹ̀rín kọ́ ni mò ń rín mọ́.

Torí pé mo ti gbọ́ àdúrà yẹn rí. Ohùn kan náà ni. Wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì yín ká ní ọsibítù, wọ́n ń sọ pé àwọn ò gbà, wọn ò gbà, wọn ò gbà. Wọ́n fẹ́ràn yín ni, mi ò bá wọn bínú. Ṣùgbọ́n ẹ la ojú. Mo rí i. Ẹ wá mi láàárín wọn, ẹnu yín ń mì, ariwo àdúrà sì gbé ohun tí ẹ sọ lọ. Kí lẹ sọ? Gbogbo wa ń ké sí yín pé kí ẹ padà, kò sí ẹnìkan tó ní kí ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Ó ti rẹ̀ yín.

Ìdí tí mo fi jẹ́ kí Àjàdí sùn nìyẹn. Mi ò sọ ọ́ fún òǹkàwé kankan. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Síbẹ̀ náà, ó rẹ̀ mí, mo sì juwọ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé kẹta. Mo kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: Àjàdí wúkọ́. Nígbà tí Sọjí rí i lórí kọ̀ǹpútà, ó fò sókè, ó jáde láìwọ bàtà, ó sì ra súyà wá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ̀rọ̀ fún odidi ìrọ̀lẹ́, ó ń sọ ohun tí Àjàdí yóò ṣe bó bá ti jáde. Mo jẹ súyà náà. Ó dùn. Ní ọjọ́ kejì, mo tẹ ojú ewé náà jáde, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo jókòó tì í. Gbólóhùn kejì ò wá. Ẹni tó wúkọ́ nínú odò yẹn, Màámi, mi ò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe Àjàdí.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí Àlàájà Onírọ́bà wọlé.

Ẹ mọ bí Àlàájà ti rí, ọ̀rẹ́ yín, wọn kì í sọ ohun tó wà nínú wọn bí wọ́n bá lè fi garawa dí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ta garawa àti ike nídìí títì. Mi ò rò pé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú yín. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín wá láti Ìsẹ́yìn, wọ́n ní ọmọ ìmàle ni wọ́n bí yín, ẹ ì báà ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹ dé Ọ̀tà, àwọn fẹ́ ṣe fìdáù yín kí àdúrà tiwọn náà lè dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn àgbà ìjọ ní kò ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ ń le bọ̀ ni Àlàájà gbé abọ́ mọ́sà dé, wọ́n ti dín in láti ìdájí. Àwọn àgbà ìjọ dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Àlàájà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn yí padà, wọ́n gbé abọ́ náà lọ sílé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbé e wá, aṣọ funfun ṣì bò ó.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n dúró síwájú tábìlì mi. Àlàájà ò mọ̀wé, ìyàwó ọmọ wọn ló ń ka ìwé náà fún wọn.

"Mo gbọ́ pé ọmọkùnrin yẹn ti kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ kó tó kú?"

"Ó sọ ọ́ kalẹ̀, mà."

"Àlùhámúdù lílàhì. Jímọ́ọ̀ ni fìdáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, láti ọjọ́ tí mo gbọ́. Kí ìwọ àti ọkọ rẹ wá o."

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Àlàájà, inú ìwé ló wà o."

"Ṣé mo ní kò sí nínú ìwé ni? Ẹni tí mo bá sunkún fún, mo máa ń ṣe sàráà fún un. Má wọ aṣọ tó ń dán wá."

Mo rò pé àwa nìkan la máa wà níbẹ̀. Màámi, àwọn ará bọ́ọ̀sì tó wà nílé ló wá. Bàbá Dírẹ́bà wọ fìlà. Wọ́n tẹ́ ẹní síwájú ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn garawa pupa àti aláwọ̀ ewé, ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá, èéfín wọn ń bà lé wa, òórùn mọ́sà gba gbogbo Joju. Ìyá Jọ́ọ̀nà náà wá, ṣùgbọ́n wọ́n ní fìdáù kọ́ làwọn bá wá, garawa làwọn wá rà. Wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń ná garawa kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ wàásù.

Ààfáà tí wọ́n pè ò ju ẹgbẹ́ Sọjí lọ. Wọn ò sọ ìtàn kankan fún un. Ó ka ohun tó kà, ó tẹ́wọ́ sílẹ̀, ó wá ní, "Kí lorúkọ olóògbé?"

Gbogbo wa dáhùn pé, "Àjàdí."

"Orúkọ ìyá rẹ̀ ń kọ́?"

Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń bèèrè nìyẹn, ìyá la fi ń dárúkọ ọmọ bí a bá fẹ́ fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ronú nípa rẹ̀. Gbogbo ojú kọ sí mi. Mo wá a nínú orí mi, nínú ìwé kìn-ín-ní, nínú ìwé kejì. Ẹ ò fún un ní ìyá, Màámi. Ẹ kàn ní òun àti òṣùká ló jọ dé ayé. Ojú tì mí nítorí rẹ̀, bí ojú ṣe máa ń ti èèyàn bí wọ́n bá bi ọmọ òrukàn léèrè ìyá rẹ̀ láwùjọ.

Àlàájà gbé orí sókè. Ohùn wọn mọ́ gaara.

"Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá rẹ̀. Àjàdí ọmọ Àbẹ̀kẹ́, ará Ìsẹ́yìn."

"Ṣé ìyá náà wà láyé?"

"Ó ti ṣíwájú ọmọ."

"Ṣé wọ́n ṣe fìdáù tirẹ̀?"

"Wọn ò ṣe é."

Bàbá Dírẹ́bà gbójú sókè wo sánmà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wò fún. Òjò ò rọ̀. Oòrùn Joju ń ràn bó ṣe máa ń ràn. Ààfáà tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní, "Kò burú. A ó fi ìyá síwájú, ọmọ yóò tẹ̀lé e." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ yín, Màámi, Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́, ó bẹ Ọlọ́run kó tẹ́ ilẹ̀ fún yín, kó fẹ̀ ẹ́, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kó má jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ mọ́. Mo wo Àlàájà. Wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà, wọn ò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá. Ìgbà yẹn ló yé mi, ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ dín mọ́sà láti ìdájí.

Gbogbo ẹní ní àmín. Mo gbọ́ ohùn Sọjí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ sì ti dákẹ́, Ìyá Jọ́ọ̀nà, tí garawa wà lápá wọn tí omi wà lójú wọn, pariwo láti ẹ̀gbẹ́ títì pé, "Àmín, ní orúkọ Jésù!" Ààfáà wò wọ́n. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Wọ́n fún wọn ní mọ́sà. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì ń ná garawa lọ.

Nígbà tí a ń lọ sílé, Sọjí gbé ìdìpọ̀ mọ́sà tiwa dání, a ń fo omi ọ̀gbàrá àná láti òkúta dé òkúta.

"Kò ní jí mọ́, àbí?"

"Kò ní jí."

"Hẹn." Ó na ọwọ́ sí mi kí n lè fo èyí tó fẹ̀. "A kì í kúkú jí ẹni tí wọ́n ti ṣe fìdáù fún. Mo ti jẹ mọ́sà rẹ̀."

Mo pa gbólóhùn Àjàdí wúkọ́ yẹn rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Mo sọ fún òǹtẹ̀wé. Ó ní òun ó rò ó, mo sì mọ irú èrò bẹ́ẹ̀. Ìwé kẹta lè má jáde. Àwọn Ọmọ Ọ̀wàrà ṣì ń bú mi, ọ̀kan ti ní òun yóò kọ tirẹ̀, nínú èyí tí Àjàdí yóò ti fi ẹja ṣe ọkọ̀. Kó kọ ọ́. Ìyá Jọ́ọ̀nà ní àwọn ṣì ń gbàdúrà o, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ọ́ sínú bébà mọ́. Ara mi ṣì wúwo. Fọláṣadé ṣì wà létí omi, èmi náà sì ní láti mọ ohun tí obìnrin ń ṣe bó bá ti mọ̀ pé ẹni òun ò ní jáde mọ́. Mo rò pé ó máa ń yíjú padà sílé, ó máa ń wá ohun tí yóò sè. Àwa náà yóò jẹun láìpẹ́. Sọjí ń ké sí mi láti ilé ìdáná, ó ti sun iyán àná mọ́ ìdí ìkòkò, ó ń ṣe bí ẹni pé bó ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Màámi, Àjàdí ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bóyá ó ti dé. Ẹ ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ dá a. Kò sí ẹrù lórí rẹ̀ mọ́, bó bá sì rí tiyín tó fẹ́ bá yín rù ú, ẹ má gbà fún un. Ẹ bá mi fọwọ́ pa àárín orí rẹ̀, níbi tí òṣùká ti jẹ irun. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀. Bó bá bèèrè ẹni tó dá òun dúró sísàlẹ̀ odò, ẹ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní kó sùn.

Ẹ̀yin náà, ẹ sùn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ti di ìyàwó Gbọ́rọ̀-má-fèsì,
ẹ̀gbọ́n Àjàdí.